Wọ́n pósìtì mi lọ Jigawa, mi ò kọjá Ìlọrin rí. Ṣé ìrìnàjò máa ń yí ayé èèyàn padà lóòótọ́?

Ọmọ_Òkè_Àdó:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Call-up letter NYSC mi (ìwé tó ń sọ ibi tí èèyàn ti máa sin ìlú fún ọdún kan) jáde lánàá, Jigawa ni wọ́n jù mí sí. Jigawa o! Èmi tí wọ́n bí sí Òkè-Àdó n'Íbàdàn, tí mo ka pírámárì n'Íbàdàn, sẹ́kọ́ńdírì n'Íbàdàn, yunifásítì náà n'Íbàdàn, ibi tó jìn jù tí mo dé láyé mi ni Ìlọrin, ìgbéyàwó ọmọ àǹtí mi la sì bá lọ, a ò tiẹ̀ sùn síbẹ̀. Màmá mi ti ń sunkún látàárọ̀ bí ẹni pé wọ́n ní kí n lọ jagun. Dádì ní kí n lọ, pé ìrìnàjò máa ń la ojú èèyàn, pé èmi tí mo bá máa padà dé kò ní jẹ́ èmi tí mo lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan sì ní kí n tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí mo ṣe máa redeploy (kí wọ́n gbé mi lọ ìpínlẹ̀ míì) kí n tó dé kám̀pù gan-an.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ ibi tẹ́ ò mọ ẹnì kankan rí, ṣé òótọ́ ni pé ó yí nǹkan padà láyé yín àbí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni àwọn àgbà ń sọ? Èyí tójú yín rí ni kẹ́ ẹ sọ o. Ẹ má wàásù fún mi, Dádì ti wàásù tó.

Ìyá_Ìbejì_Pòtétò:
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Bá mi sọ fún màmá kí wọ́n nu ojú wọn nù. 2006 lèmi sìn, Plateau ni wọ́n gbé mi lọ, èmi ọmọ Ìjẹ̀bú tí mi ò mọ òtútù kankan ju ti fíríìjì lọ. Ibi tí wọ́n fi mí sí wà lápá Bokkos, tó bá di December báyìí, omi tó o bá pọn sílẹ̀ lálẹ́, tó o bá fi bọjú láàárọ̀ wàá ké. Mi ò ní parọ́, mo sunkún lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Sẹ́kọ́ńdírì ni mo ti ń kọ́ wọn ní Economics, obìnrin tó ni ilé tí mò ń gbé sì jẹ́ àgbẹ̀, pòtétò ló ń gbìn, mo máa ń tẹ̀ lé e lọ oko ní Saturday torí pé kò sí nǹkan míì tí mo lè ṣe, nẹ́tíwọ̀kì gan-an orí àpáta la ti ń lọ wá a.

Oko yẹn ni mo ti rí i pé pòtétò tí à ń rà ní ẹyọ mẹ́rin mẹ́rin lórí àtẹ ní Bódìjà, òkìtì òkìtì ni wọ́n ń kó o jọ síbẹ̀ lásìkò òjò, tí wọ́n á máa bẹ èèyàn kó wá gbé e torí kì í pẹ́ bàjẹ́. Ìyá yẹn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mọ èyí tó gbó. Fi àtàǹpàkò ra èèpo ẹ̀, tó bá bó wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, kò tíì gbó, kò lè dé Ìbàdàn láìjẹrà. Wọn kì í kó o sínú ọ̀rá, àpò tó ń gba atẹ́gùn ni. Wọn kì í kó o nígbà tó ṣì tutù. Tí mọ́tò bá sì dákú lọ́nà, ohun àkọ́kọ́ tó o máa bá dẹ́rẹ́bà jà lé lórí ni pé kó ká tàpólì sókè, mẹkáníìkì ìkejì.

Allawee mi (owó oṣù tí ìjọba ń san fún kọ́pà) ni mo fi ra àpò àkọ́kọ́. Pòtétò ni mo ṣì ń tà títí dòní, òun ló ń san owó ilé ìwé àwọn ìbejì. Àwọn tá a jọ wà ní kám̀pù tí wọ́n redeploy wá sí Èkó, iṣẹ́ báǹkì ni wọ́n ń lé kiri nígbà yẹn, àwọn kan rí i. Mi ò ní wọn ò ṣe dáadáa o. Ṣùgbọ́n tí mo bá jókòó sí Ìjẹ̀bú, ta ni ì bá sọ fún mi pé pòtétò lèmi máa fi jẹun?

Alátakò_Mushin:
Ìyá Ìbejì ẹ kú iṣẹ́ o, àmọ́ ọjà ló yí ayé yín padà, kẹ́ ẹ má fi ògo ẹ̀ fún ìrìnàjò. Bọ̀dá mi sìn ní Sokoto, odidi ọdún kan gbáko, nígbà tó máa dé, "sannu" àti "nawa ne" nìkan ló gbọ́ nínú gbogbo Hausa, ó sì ń pe gbogbo wọn ní àbókí bó ṣe ń pè wọ́n kó tó lọ. Inú lọ́jì àwọn kọ́pà ló máa ń wà, àwọn ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń bá ṣeré, wọ́n á tẹ ẹ̀bà, wọ́n á wo bọ́ọ̀lù, ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á mọ́. Ara ẹ̀ ló wà ní Sokoto, orí ẹ̀ ò kúrò ní Mushin. Mo sì mọ ẹnìkan níbí tí kò ré Oṣòdì kọjá rí tó gbọ́ Ígbò bí ọmọ Onitsha, torí àwọn ló ń bá tajà láti kékeré. Nítorí náà kí àwọn àgbà yéé fi ọ̀rọ̀ yìí tan àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Bàbá_Tísà:
Alátakò, apá kan ọ̀rọ̀ ẹ wọlé, àmọ́ jẹ́ n fi tèmi kún un. Mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tísà báyìí. 1984 ni mo sìn, Kano ni ìwé mi kọ, wọ́n wá tari mi sí Hadejia, nígbà yẹn kò tíì sí nǹkan tó ń jẹ́ ìpínlẹ̀ Jigawa, 1991 ni ìjọba Babangida tó gé e kúrò lára Kano. Rélùwéè ni mo wọ̀ l'Óṣogbo. Ọ̀fà, Ìlọrin, Jẹ́bà, Mínnà, Kàdúná, Zaria, Kano. Bá a ṣe gun afárá Jẹ́bà, gbogbo ẹni tó wà ní kóòṣì wa ló rọ́ sójú fèrèsé láti wo Odò Ọya, tí mọ́tò (rélùwéè ni mo ní lọ́kàn) fi fẹ́ẹ̀ dà bíi pé ó tẹ̀ sápá kan.

Iyanrìn àti ràkúnmí ni mo rò pé mo máa bá lọ́hùn-ún. Ràkúnmí wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Hadejia ní odò, odò yẹn máa ń kún bo pápá lásìkò òjò, tó bá wá fà, ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ á lọ́ràá, fàdámà ni wọ́n ń pè é. Ní November tí oko ilé wa ti gbẹ pátá, ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbin àlìkámà, wọ́n á máa fa omi sí i, tó bá fi máa di March, wọ́n ń kórè. Ìrẹsì ń bẹ, àlùbọ́sà ń bẹ, tòmátì ń bẹ. Tí ọyẹ́ bá sì dé, àwọn ẹyẹ tó ń ti Yúróòpù sá fún òtútù á wá bo àbàtà ibẹ̀ títí dé ọ̀nà Nguru, lílọ bíbọ̀ wọn nìkan lè gba gbogbo àárọ̀ ẹ tó o bá ń wò ó. Máàtì ni mo kà wá o. Àmọ́ nígbà tí mo rí i pé kíkún odò ló ń sọ ìgbà tí wọ́n máa gbìn, ìgbà tí owó máa wà nílùú, títí dórí ìgbà tí wọ́n máa gbéyàwó, mo padà lọ ka jọ́gíráfì, òun ni mo sì fi ṣe tísà títí mo fi gba ìwé ìfẹ̀yìntì.

Bọ̀dá ẹ rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ní Sokoto. Èmi ò rí. Tí mi ò bá kọ́ Hausa, iyọ̀ gan-an mi ò lè rà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń jókòó síwájú ilé ọ̀gá ilé ìwé wa ní gbogbo alẹ́, àwo kan náà la ti ń jẹ tuwo, àwọn ọmọ ẹ̀ á máa fi Hausa mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ rántí pé ogun abẹ́lé parí ní 1970, 1973 ni Gowon dá NYSC sílẹ̀, kí àwọn ọmọ tí bàbá wọn dojú ìbọn kọra lè jókòó pọ̀. Tí kọ́pà bá wá lọ ti ara ẹ̀ mọ́ lọ́jì, ṣe ni ìjọba ná owó mọ́tò ẹ̀ dànù.

Ọmọ_Òkè_Àdó:
Bàbá ẹ ṣé gan-an sà. Ìyá Ìbejì ẹ ṣé mà. Ẹ jẹ́ n béèrè eléyìí, kẹ́ ẹ má bínú: ṣé omi wà? Ṣé dandan ni hijab? Ṣé ẹnìkankan wà níbí tó jẹ́ obìnrin tó sì sìn ní Jigawa, torí màmá mi ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin ò kan òun lórí eléyìí.

Àbẹ̀kẹ́_Dutse:
Èmi rèé o, kò sì tíì pẹ́ tí mo ṣe POP (ayẹyẹ ìparí ìsìnlú). Kám̀pù wà ní Fanisau, lẹ́bàá Dutse. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n á ti fun fèrè, sójà á máa lu ilẹ̀kùn, á ní otondo (kọ́pà tuntun) ẹ dìde, wàá wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ṣòkòtò penpe funfun ẹ nínú òkùnkùn. Gbé òrí dání, kì í ṣe díẹ̀, tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ètè ẹ máa ya, gìgísẹ̀ ẹ náà máa ya. Tó bá jẹ́ March sí April, ooru ni, ìta lọ̀pọ̀ èèyàn ń sùn. Omi wà àmọ́ lo ọpọlọ ẹ, jí ṣáájú àwọn yòókù. Allawee ti kúrò ní 33,000 o, ó ti di 77,000 náírà, ṣùgbọ́n mammy market (ọjà inú kám̀pù) lè jẹ ẹ́ tán kó o má mọ ohun tó o jẹ. Kò sẹ́ni tó máa fipá wọ hijab fún ẹ, àmọ́ síkẹ́ẹ̀tì gígùn àti ìborùn lo máa wọ̀ lọ ibi iṣẹ́, ìwọ fúnra ẹ lo máa fẹ́ bẹ́ẹ̀ torí oòrùn yẹn.

Èyí tó yí ayé mi padà, màmá ẹ nìkan ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún, kí àwọn ọkùnrin yìí kàn máa gbọ́. Ní ìlú kékeré tí mo wà, àwọn ìyàwó ilé kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde lọ́sàn-án, ọkùnrin àjèjì ò sì gbọdọ̀ ré ọ̀ọ̀dẹ̀ kọjá. Àwọn kọ́pà ọkùnrin tá a jọ wà níbẹ̀ mọ ẹnu ọ̀nà ilé nìkan, wọ́n lo ọdún kan, wọ́n ò rí ìdajì ìlú. Èmi, wọ́n ní kí n wọlé. Àgbàlá ni ọjà wà! Obìnrin kan ń fún epo ẹ̀pà, ó ń fi ìyókù ẹ̀ din kúlíkúlí, èkejì ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sára fìlà, ẹ̀kẹta ń ta iyọ̀ àti máàgì, àwọn ọmọdé ló ń sáré gbé ọjà láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń gba owó wá. Ìyá tí kò jáde látàárọ̀ mọ iye tí ẹ̀pà ń lọ lọ́jà ju èmi tí mo ti ọjà dé. Owó ẹ̀ sì jẹ́ tiẹ̀, ọkọ ò bá a dá sí i.

Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn kékeré ibẹ̀ ń wá ẹni tó máa bá òun káàkiri láti sọ fáwọn aláboyún pé kí wọ́n máa wá ṣe àyẹ̀wò, mo gbé CDS mi (iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tí kọ́pà ń ṣe) síbẹ̀. A máa wọ àgbàlá, a máa jókòó, wọ́n á fún wa ní fura da nono, kí n tó fi ẹnu ba ọ̀rọ̀ oyún, wọ́n á ti kọ́kọ́ bi mí pé kí ló dé tí mi ò tíì lọ́kọ 😂. Microbiology ni mo kà, lábù ni mo fẹ́ máa jókòó sí. Ìlera àwọn ìyá àti ọmọ ni mò ń ka másításì lé lórí báyìí, nítorí àwọn obìnrin yẹn.

Alátakò_Mushin:
Ó dùn gbọ́, mi ò ní ṣàìsọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má fi dídùn bo ọmọ yìí lójú. Lẹ́yìn ìbò ààrẹ 2011, kọ́pà 10 ni wọ́n pa ní Bauchi, àwọn ọmọ tó lọ bá wọn ṣètò ìbò. Ta ló fẹ́ sọ fún àwọn òbí wọn pé ìrìnàjò ń lani lójú? Ẹkún tí màmá ẹ̀ ń sun, kì í ṣe ẹkún òpè.

Bàbá_Tísà:
Mi ò ní èsì kankan fún ìyẹn, Alátakò. Mo ní ọmọ tó sìn lọ́dún yẹn gan-an, a ò sùn nílé wa.

Àbẹ̀kẹ́_Dutse:
Òótọ́ lẹ sọ. Ọmọ Òkè-Àdó, má rìn lóru o, NYSC fúnra wọn ló ń kìlọ̀ ẹ̀. Tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú bá ẹ lọ́nà, sọ̀ kalẹ̀, sùn, kó o máa lọ láàárọ̀. Tó o bá ní àìsàn tó nílò ilé ìwòsàn ńlá tàbí tó o ti lọ́kọ, ọ̀nà redeploy tó mọ́ wà fún ìyẹn, o ò ní láti fún ẹnikẹ́ni lówó. Tí ìlú tí wọ́n bá fi ẹ́ sí ò bá fọkàn ẹ balẹ̀, lọ bá LGI (aṣojú NYSC ní ìjọba ìbílẹ̀ ẹ) kíákíá, má dákẹ́.

Arábìnrin_Èjìgbò:
Ẹ jẹ́ n ya ọ̀rọ̀ yìí síbòmíì díẹ̀. Gbogbo yín ń sọ ẹni tó kúrò nílé lọ sájò. Èmi, ilé gan-an ni àjò tèmi. Treichville ni wọ́n bí mi sí, ní Abidjan. Ẹni tó bá mọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun mọ̀ pé kò sí agbo ilé tí kò ní èèyàn ní Kódífúà, bọ́ọ̀sì ń ti Èjìgbò lọ Abidjan tààrà. Nígbà tí mo di ọmọ ọdún 14, bàbá mi ní kí n lọ kàwé nílé kí n lè mọ ibi tí mo ti wá, wọ́n kó mi lé bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ìyá kan. Elubo, a wọ Ghana. Aflao, a wọ Togo. Hilacondji, a wọ Benin. Sẹ̀mẹ̀, a wọ Nàìjíríà. Yàtọ̀ sí Hilacondji, ní bọ́dà kọ̀ọ̀kan owó ń yí, èdè tí sójà fi ń jágbe mọ́ wa ń yí, ìyá yẹn ò yí ohùn padà, "ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣàánú wa" ló ń sọ fún gbogbo wọn, wọ́n á sì ní ká kọjá.

Mo dé Èjìgbò, Yorùbá tí mò ń sọ ti ìyá mi ni, ti àwọn àgbàlagbà, àwọn ọmọ kíláàsì mi á máa rẹ́rìn-ín pé mò ń sọ̀rọ̀ bí arúgbó. Gẹ̀ẹ́sì, òfo. Ọmọ tó ń gba ipò kìíní l'Ábidjan wá di ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn. Kò dùn mọ́ mi nínú, ẹnikẹ́ni tó bá ní ìrìnàjò máa ń ṣe èèyàn lóore ní gbogbo ìgbà, kó wá bi mí léèrè. Àmọ́ nígbà tí ogun ẹ̀yìn ìbò bẹ́ l'Ábidjan ní 2010 sí 2011, tí màmá mi ti ìsọ̀ pa tí wọ́n sá wálé, èmi ni mo ti mọ ilé, èmi ni mo bá wọn wá ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mò ń mú wọn lọ kí àwọn mọ̀lẹ́bí tí wọn ò rí láti ìgbà tí wọ́n ti lọ́kọ. Ìyá mi di àlejò lọ́wọ́ mi. Ìyẹn ni mo rí tí mo sọ.

Kúnlé_Manchester:
Àǹtí Èjìgbò, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ìlú Òyìnbó nibi tèmi. Iṣẹ́ kéà ni mò ń ṣe, mò ń wẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà, mò ń pààrọ̀ ṣòkòtò fún wọn, mò ń fi ṣíbí fún wọn lóúnjẹ. Nílé wa ní Abẹ́òkúta, ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń fọ abọ́ tí mo bá jẹun tán, ó ń jí ṣáájú gbogbo wa, òun ló ń sùn kẹ́yìn, kò sẹ́ni tó rò ó pé ó ń rẹ ẹ́. Níbí, àwa tá a ń ṣe iṣẹ́ yẹn, a ní wákàtí, a ní ọjọ́ ìsinmi, tí wọ́n bá fẹ́ ká dúró pẹ́ wọ́n á béèrè, wọ́n á sì san án. Ọdún tí mo lọ sílé, mo ní kí màmá mi máa fún ọmọbìnrin tó wà lọ́dọ̀ wọn ní Sunday, kí wọ́n sì san owó ẹ̀ sọ́wọ́ òun fúnra ẹ̀. Ìjà ńlá! Wọ́n ní Òyìnbó ti ba orí mi jẹ́, pé ṣé èmi ni mo fẹ́ máa gún iyán fún wọn ní Sunday ni. Mo ní ó dáa, mo gún un. Ó ní kókó, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ ẹ́. Ọmọ yẹn ń lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ní Sunday báyìí.

Alátakò_Mushin:
Kúnlé, o gún iyán? 😂😂 Èyí gan-an ni mo gbà pé ìyípadà.

Ọmọ_Òkè_Àdó:
Ẹ kú àdúrótì mi o gbogbo yín. Mo ka gbogbo ẹ̀ sí màmá mi létí lálẹ́ àná. Nígbà tí mo ka ti Bauchi, wọ́n dìde lọ sí kíṣìnì, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n padà wá, wọ́n ní kí n tún ka ti Àbẹ̀kẹ́, ibi tó ti ní àgbàlá ni ọjà wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní kí n kà á. Àṣé ọgbọ́n ọjà ni ìyá mi ń dá, àdìrẹ ni wọ́n ń tà. Wọ́n ní kí n bi Àbẹ̀kẹ́ bóyá àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ra àdìrẹ, pé àwọn lè dì í fún mi sísàlẹ̀ báàgì. Dádì ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Mò ń lọ o. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, mi ò fẹ́ parọ́ fún yín, ṣùgbọ́n mò ń lọ.

Àbẹ̀kẹ́_Dutse:
Sọ fún màmá pé àtàm̀pa (ańkárá) ni wọ́n fẹ́ràn jù, torí náà kí wọ́n má dì í pọ̀. Kó o gbé díẹ̀ dání, èyí tí àwọ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ìwọ fúnra ẹ ni kó o kọ́kọ́ fi ọ̀kan rán aṣọ, wọ̀ ọ́ wọ àgbàlá, má polówó. Àwọn ló máa fà á wò. Kí wọ́n tó bi ẹ́ ní iye, wọ́n á ti kọ́kọ́ bi ẹ́ nípa ọkọ, má jẹ́ kó yà ẹ́ lẹ́nu.

Alátakò_Mushin:
Ó dáa, ó yọrí. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní ìbéèrè. Ìyàwó mi ń din pòtétò tà níbí, èyí tí wọ́n ń kó wá fún wa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ìdajì ẹ̀ ti jẹrà kó tó délé. Èló lẹ ń ta àpò kan tẹ́ ẹ bá gbé e dé Mushin?

Ìyá_Ìbejì_Pòtétò:
Ó ti wọ́n báyìí, jẹ́ kí òjò dé dáadáa kó o tó ra púpọ̀. Mi ò sì kì í gbé e dé Mushin, Bódìjà ni mọ́tò wa ń já a sí. Àmọ́ tí ìyàwó ẹ bá fẹ́ èyí tí kò ní jẹrà, kóun fúnra ẹ̀ wá ṣà á lóko. A máa gbéra lọ Bokkos tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, àyè wà nínú mọ́tò fẹ́ni méjì.

Alátakò_Mushin:
Ẹni méjì kẹ̀? Ìyàwó mi ti gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní kí n bi yín pé ọjọ́ wo.